Wọ́n ní ká fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àjẹ́ńsì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí oorun sùn láti àná.

Forklift ni mò ń wà ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Agbára. Ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ló wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, wọ́n sì ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n mi lóṣooṣù. Àná, ọjọ́ Ajé, wọ́n kó gbogbo àwa mẹ́tàdínlógójì tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí jọ. Wọ́n ní láti oṣù tó ń bọ̀, àjẹ́ńsì kan ni yóò máa sanwó wa. Iṣẹ́ kan náà, forklift kan náà, ọ̀gá kan náà. Ṣùgbọ́n mo ka fọ́ọ̀mù náà tán: kọ́ńtíráàtì ọdún kan ni. Owó oṣù mi fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín, ọdún mọ́kànlá tí mo ti lò kò sì sí níbẹ̀ rárá. Súpáfáísọ̀ wa ní ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kó má wọlé lọ́jọ́ Ajé.

Ìyàwó mi ní kí n fọwọ́ sí i nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Mi ò bá a jà, òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé òfin kankan wà nílẹ̀ yìí tó dúró lẹ́yìn irú wa?

Ìyá Adùnní: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe bàbá àwọn ọmọ mi nìyẹn. Ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láì bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n ní kọ́ńtíráàtì ti parí. Ó padà sí ilé-iṣẹ́ tó ti bá wọn ṣe ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n mọ́, kó lọ bá àjẹ́ńsì. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Lọ́yà Ìbàdàn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Òfin wà. Ẹ wá Labour Act, kẹ́ ẹ ka abala 10. Ó ní wọn kò lè gbé àdéhùn iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀gá kan lọ fún ọ̀gá mìíràn àfi tí òṣìṣẹ́ bá gbà, tí labour officer ìjọba sì buwọ́ lu ìwé náà. Kó tó buwọ́ lù ú, ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé wọn ò fipá mú òṣìṣẹ́ náà, wọn ò sì tàn án. “Kó má wọlé lọ́jọ́ Ajé” tí súpáfáísọ̀ yín sọ yẹn, ipá ni lójú tèmi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, àti àwọn tó gbọ́ ọ.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ nìyí: òfin yẹn kò ka gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù mọ́ òṣìṣẹ́. Ó yọ àwọn alákòóso àtàwọn onímọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tiyín, nítorí náà mo gbà pé ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Máníjà yín lè má sí lábẹ́ rẹ̀.

Tólú Ṣágámù: Lọ́yà, ẹ ṣeun, àmọ́ tí wọ́n bá lé wọn dànù nítorí pé wọn ò fọwọ́ sí i ńkọ́?

Lọ́yà Ìbàdàn: Ibẹ̀ gan-an ni òfin wa ti jò. Ilé-iṣẹ́ aládàáni lè fòpin sí iṣẹ́ ènìyàn tó bá ti fún un ní nótíìsì. Oṣù kan péré ni òfin sọ fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù, abala 20 wà: wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì gbìyànjú láti dúnàádúrà lórí owó tí wọn yóò san fún àwọn tó ń lọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun lòun fẹ́ lọ, yóò ṣòro fún un láti bèèrè owó yẹn.

Ará Warri: Ẹ bi àjẹ́ńsì náà bóyá ó ní láísẹ́ńsì ìjọba. Abala 23 òfin yẹn kan náà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gba òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Lọ́dọ̀ àwa tá a wà nínú iṣẹ́ epo, ó di ọdún 2011 kí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó gbé ìlànà jáde lórí kọ́ńtíráàtì, ìjàkadì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì fà á. Ní ti pẹ́ńṣọ̀n, PIN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n rẹ, kò yí padà. Àjẹ́ńsì tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè gbọ́dọ̀ fi 10% owó oṣù rẹ kún 8% tí wọ́n ń yọ lára tìrẹ. Òfin ọdún 2014 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Peckham: Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wa fún kọ́ńpìnnì kan, ẹ̀rù bà mí bó ṣe ń ba ìwọ náà. Àṣé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní TUPE, ti ọdún 2006. Owó wákàtí mi, ìsinmi mi àti ọdún tí mo ti lò, gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé mi lọ. Pẹ́ńṣọ̀n nìkan ni kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Lọ́yà Ìbàdàn: Irú òfin yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá ṣe. Mi ò ní kí wọ́n fòfin de àjẹ́ńsì, torí iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ènìyàn ti ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá, kí ọdún náà tẹ̀lé e dé ibikíbi tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lọ. Kí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì san owó tí àjẹ́ńsì jẹ òṣìṣẹ́ tí àjẹ́ńsì bá sá lọ.

Ẹni tó béèrè: Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi oúnjẹ ọ̀sán. Àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a ò tíì fọwọ́ sí i. Alága ẹgbẹ́ wa ti kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́, àwa mẹ́ta yóò sì lọ rí labour officer ní Abẹ́òkúta lọ́la. Ìyàwó mi ló ní kí n wọ aṣọ tó dáa lọ. Ṣé ojúlówó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni kí n mú dání?

Lọ́yà Ìbàdàn: Rárá o. Fọ́tòkọ́pì ni kẹ́ ẹ mú lọ, méjì-méjì. Kí ojúlówó wà nílé lọ́dọ̀ ìyàwó yín.