Laptop tuntun: ṣé kí n gba RAM 8GB àbí kí n dúró de 16GB?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń ta laptop tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí ní Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta, ní RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 8GB ló wà nílẹ̀, pé wọ́n á fi kún un tó bá yá. Fi kún un báwo? LPDDR5X, irú RAM kan, ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì sábà máa ń fi òjé jó irú rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Kò sí ihò tí a ó ki òmíràn bọ̀. SSD rẹ̀, ibi tó ń kó fáìlì pa mọ́ sí, ṣeé pààrọ̀ ní tirẹ̀: M.2 ni, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki bọ ihò, screw kan péré ló dì í mú. Ṣé kí n ní kí wọ́n bá mi gbé 16GB wá láti Èkó? Ṣájà rẹ̀ náà, USB-C 65W ni. Bí mo bá fi 45W sí i, ṣé bátìrì ò ní máa lọ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Jimọ̀ ni mo fẹ́ sanwó.