Ibú kì í ṣe ìbú: èsì sí àtẹ ọ̀rọ̀ òkun tó wá láti Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àtẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ tò fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka máàpù òkun ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, a sì ti kà á látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò: ẹ ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ káàkiri ojú omi lórí máàpù ni “ìbú omi”. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹ fi sórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́. Nígbà tí àbúrò wa kan béèrè, ẹ ní kì í ṣe àṣìtẹ̀, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ilé yín ń pè é, àti pé ẹni tó ti ń fi èdè kọ́ni láti ìgbà tí àwọn mìíràn ṣì ń rákò kò nílò olùkọ́ àmì ohùn.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ìbú ni fífẹ̀. Ìbú àti òòró ni káfíńtà fi ń wọn pátákó. Ibú, tí ohùn àárín wà lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ rẹ̀, ni ibi tí omi ti jìn. Àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun a máa dárúkọ ibú odò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní gbọ́ “ìbú” lẹ́nu wọn. Ẹ ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà ni ẹ ń sọ. A mọ̀ pé ilé ń jẹ́ ulé lọ́dọ̀ yín, a mọ̀ pé iṣu ń jẹ́ uṣu. Fáwẹ́lì ló yí padà níbẹ̀, ohùn àárín kò ṣípò. Ẹlẹ́rìí tí ẹ pè ló ta kò yín.

Bó bá jẹ́ inú oríkì tàbí inú àlọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà, n bá fọwọ́ lérán. Máàpù òkun ni. Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté ní ìbú, ó sì ní ibú, méjèèjì ni wọ́n sì ń pè lórí rédíò. Ọ̀nà náà lè fẹ̀ ní ọgọ́rin mítà kó má jìn ju mẹ́ta lọ. Atukọ̀ tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ wọ omi ní mítà mẹ́rin, tó gbọ́ “ọgọ́rin” tó rò pé jíjìn omi ni, orí yanrìn ni yóò gúnlẹ̀ sí. Ariwo ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ a máa gbé fáwẹ́lì àkọ́kọ́ lọ. “Bú” nìkan ló ń ṣẹ́kù sí etí olùgbọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì lè jọra kí ó má sí wàhálà. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n bá jọra, tí àwọn méjèèjì tún lè jókòó sí àyè kan náà nínú gbólóhùn kan náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá yín jà lórí “kókó” tí ẹ fi ka eré ọkọ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pariwo pé yóò kọlu kòkó àti kókò. Ta ni yóò gbọ́ pé ọkọ̀ ń sá eré kókó mẹ́jọ tí yóò máa ronú kan oko kòkó? Kókó tòótọ́ sì ni látilẹ̀wá. Okùn tí wọ́n ta ní kókó, tí kókó kan fi ẹsẹ̀ bàtà 47 àti ínǹṣì 3 jìnnà sí èkejì, ni wọ́n ń jù sómi láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n á yí ago oníyanrìn tó ń dà fún ìṣẹ́jú àáyá 28. Iye kókó tó bá gba ọwọ́ wọn kọjá ni iye máìlì òkun tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan. Ibi tí àtẹ yín ti kùnà ni pé ẹ kò sọ ibi tí a ti ń wọn máìlì òkun náà. Mítà 1,852 ni. Ẹ̀gbẹ́ máàpù, níbi ìwọ̀n látítíúdì, ni kí ọmọ ti wọ̀n ọ́n, ní déédéé ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lókè tàbí nísàlẹ̀ máàpù, níbi ìwọ̀n lọ́ńgítíúdì, yóò ṣìrò, nítorí ìwọ̀n ibẹ̀ ń kúrú sí i bí a bá ṣe ń jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jìyà ọ̀rọ̀ tó jọra. Starboard ni wọ́n ń pe apá ọ̀tún ọkọ̀, larboard ni wọ́n ń pe apá òsì, “board” ni etí sì ń gbọ́ nínú méjèèjì bí ìjì bá ń jà. Ní 1844 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi wọn pàṣẹ pé kí a pa larboard tì, kí a máa sọ port. Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1846. Ọ̀rọ̀ tí baba ńlá wọn ń sọ ni wọ́n jù nù o. Àwa tí a kò tíì tẹ àtẹ tiwa síta, kí ló dé tí a ó fọwọ́ ara wa gbin irú ewu bẹ́ẹ̀?

Jíjìn ni kí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe jìn, àpètúnpè ẹlẹ́bẹ (kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ nìkan ni a tún pè), ó parí. Kò kọlu fífẹ̀ níbì kankan. Àwọn tó dámọ̀ràn “ìjìnlẹ̀”, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ ti bá ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ẹ sì fi àlàyé yìí kún un: jíjìn tí a kọ sórí máàpù kì í ṣe jíjìn omi lónìí. Ibi tí omi lè fà dé jù lọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n náà. 3 tí 2 kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni mítà 3.2, bí ìwé kíkún omi bá ní omi ti fi 1.1 kún un ní aago náà, mítà 4.3 ni omi ibẹ̀ jìn. Nọ́ńbà tí wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ni òdìkejì: gíga ilẹ̀ tó ń yọ síta bí omi bá fà ni, yíyọ ni a ó yọ ọ́ kúrò. 1.2 tó ní ìlà lábẹ́, tí omi sì kún ní 1.1, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ọmọ tó bá ro ó pọ̀ ti gbé ọkọ̀ gun òkè. Ẹ tún pe kíkún àti fífà omi yìí ní “ìgbì”. Ìgbì ni èyí tó ń ru lójú omi, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìgékúrú ló dùn mí jù. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò ti máàpù: Y fún yanrìn, Ẹ fún ẹrẹ̀, A fún amọ̀. Ìfẹ́ èdè ló wà nídìí rẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n Y ti wà lórí máàpù kí ẹ tó dé, àwọ̀ ìyeyè ló dúró fún. Lẹ́tà Ẹ tí ẹ̀rọ bá gé àmì abẹ́ rẹ̀ dànù di E, E sì ni ìlà-oòrùn. Gbogbo ayé ló ń ka lẹ́tà INT 1, ìwé àmì máàpù òkun tó wà lábẹ́ ìlànà IHO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó máàpù òkun, ní Monaco. Ọmọ tó bá mọ tiyín nìkan kò ní lè ka máàpù kankan. Ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀, kíkà rẹ̀ ni kí ẹ sọ di Yorùbá. S, yanrìn. M, ẹrẹ̀. Cy, amọ̀. St, òkúta. R, àpáta. Co, iyùn. Sh, ìkarahun. Wd, koríko omi. fS, yanrìn tó kúnná. S/M, yanrìn lókè, ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì kọ́ wọn pé m kékeré ni mítà. M ńlá ni máìlì òkun bó bá tẹ̀lé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, ẹrẹ̀ bó bá wà lórí omi lásán. R jẹ́ pupa lára iná, àpáta nísàlẹ̀ omi. Àyè tí lẹ́tà jókòó sí ló ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀, àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ìdákọ̀ró a máa di ẹrẹ̀ àti amọ̀ mú dáadáa. Lórí àpáta, ó lè yọ̀, ó sì lè há kó má jáde mọ́. Nínú koríko omi, orí koríko ni yóò máa wọ́ lọ láìkan ilẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí a ó tú sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́rin jíjìn omi. Bó bá jẹ́ okùn, ìlọ́po mẹ́fà. Jíjìn ìgbà tí omi bá kún jù ni kí wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe sí iná. Wọ́n kọ Fl(3)10s 25m 16M sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kan lórí máàpù, ẹ kà á ní “iná ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá”. Mo mọ ibi tí ẹ gbà wá: ojú ń ṣẹ́, iná náà ń ṣẹ́jú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lókùnkùn yóò máa dúró de iná tó ń tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá mẹ́wàá, kò sì sí irú iná bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú ti jẹ́ orúkọ àkókò, àkókò sì wà nínú gbólóhùn kan náà. Ìṣe mànàmáná ni kí a lò: mànàmáná a máa kọ. Iná yìí ń kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ga ní mítà 25. Títàn rẹ̀ dé máìlì òkun 16. Láti ìkọ àkọ́kọ́ sí ìkọ àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé e ni a ń ka mẹ́wàá náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í, torí orí ìkọ ìkẹyìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Fl, òkùnkùn rẹ̀ pẹ́ ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Oc, ìmọ́lẹ̀ ló pẹ́ jù, nítorí náà iná tó ń ṣú ni kí a pè é. Iso, ọgbọọgba. F, kì í ṣẹ́ rárá.

Lẹ́tà PD àti ED tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan lórí máàpù, ẹ fi “iyèméjì” túmọ̀ méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. PD: nǹkan náà wà, ibi tó wà gan-an ni kò dájú. ED: wíwà rẹ̀ pàápàá kò dájú.

Ní ti bóòyì, àmì tó ń léfòó lójú omi, èyí tó ń tọ́ka igun mẹ́rin ayé, ẹ kọ ọ́ pé bóòyì àríwá ń sọ pé ewu wà ní àríwá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ lónìí. Bóòyì àríwá ní kí ọkọ̀ gba àríwá òun kọjá, gúúsù rẹ̀ ni ewu wà. Iná wọn bá ojú agogo mu: ti ìlà-oòrùn ń kọ mẹ́ta, Q(3)10s (Q ni ìkọ tó yára), ti gúúsù ń kọ mẹ́fà, Q(6)+LFl 15s, ti ìwọ̀-oòrùn ń kọ mẹ́sàn-án, Q(9)15s, ti àríwá ń kọ láìdúró. LFl ẹ̀yìn mẹ́fà yẹn, ìkọ gígùn tó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ó kéré tán, wọ́n fi síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ka mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́ta ni. Ohun tí mo ń bá yín sọ láti òkè nìyẹn. Ìdí kan náà ló mú kí n dámọ̀ràn pé lórí rédíò, kí a máa sọ “ìlà” àti “ìwọ̀” lásán, nítorí “oòrùn” tó wà lẹ́yìn méjèèjì ló ń gba etí. Ẹni tó fẹ́ kí a kọ àríwá sílẹ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ Hausa ló ti wá, kó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ mìíràn tí gbogbo wa yóò gbọ́.

Ọ̀tún àti òsì tí ẹ lò dára, kò jọra, ó ṣe é ké. Ẹ kàn fi kún un pé ti ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tó dúró nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ oyè Ọ̀tún kì í di Òsì nítorí pé ó kọ ẹ̀yìn sí ọba; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tún ọkọ̀ rí, iwájú ọkọ̀ ló ń tọ́ka rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ bá ń ti òkun wọlé, bóòyì pupa wà ní òsì, ti àwọ̀ ewé wà ní ọ̀tún. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni.

Ẹni tó ní kí ni Ifẹ̀ àti Iléṣà ń fi òkun ṣe, Igbó Olókun wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ wò ó. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ohun kan: kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ará etí ọ̀sà. Àwọn ló ń gbé ojú omi, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó ku àbúrò tó ní “atọ́kọ̀” ló yẹ kí a pe pátákó tó ń darí ọkọ̀, pé ìtọ́kọ̀ inú Bíbélì ti gbó. Mo ní kí ó wo ìdákọ̀ró, kí ó wo ìgbálẹ̀, ìnujú, ìbọ̀sẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, àfòmọ́ ì- ló sọ wọ́n di irinṣẹ́. A- ló ń sọ wọ́n di ènìyàn: apẹja, akọ̀wé, atukọ̀. Ó fi agboòrùn dá mi lóhùn. Mo gbà pé agboòrùn wà, amúnáwá náà wà, n kò ní sọ pé wọn kò sí. Ṣùgbọ́n kó dáhùn èyí: bí ẹnìkan bá ké lóru pé “atọ́kọ̀ ti já sómi”, ṣé okùn ni a ó jù sí i, àbí ìgbòkun ni a ó sáré sọ̀ kalẹ̀?