“Àjíkọ” kò ní lè dúró o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún plagiarism, ìyẹn kí èèyàn mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ọ̀gá wa tó dábàá “àjíkọ” lọ́sẹ̀ tó kọjá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní plagiarism, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ ní ẹni tó jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, àjíkọ ló ṣe. Mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí àwọn ọmọ JSS 2 mi sọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ọ̀kan ní orin tí èèyàn ń kọ tó bá jí láàárọ̀ ni. Òmíràn ní oríkì ni, bí Àjíkẹ́. Ẹ wò ó, ohùn kan náà ni jíjí lójú oorun àti jíjí nǹkan ní. Kíkọ orin àti kíkọ ìwé náà, bákan náà ni.

“Olè ìwé” tí àǹtí wa kan mú wá ṣe kedere jù ú lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró níwájú kíláàsì kí n pe ọmọ ọdún méjìlá ní olè. Ta ló kọ́ ọ? Láti Pírámárì Wáàní la ti ń sọ fún un pé “ẹ dà á kọ”. Ohun tó wà lójú pátákó, ẹ dà á kọ. Nóòtù tó fò ọ́, gba ti ẹnìkejì rẹ, kí o dà á kọ. Ẹni tí kò fo ìlà kankan ló ń gba máàkì. Ó wá dé sẹ́kọ́ńdírì, a ní kó kọ àròkọ lórí Mọremí, ó dà á kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, a ní ó jalè. Mo ti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà kọ ọ́ gbàgàdà pé: “nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1987”. Ìyá tó bí i gan-an kò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àwọn kan ní wàhálà lásán là ń ṣe, pé àwọn baba wa kò ka ọ̀rọ̀ sí dúkìá ẹnì kan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wa ti yà. Babaláwo kì í dédé bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Ifá. Yóò kọ́kọ́ dárúkọ àwọn awo tó díá, kó tó kan ẹni tí wọ́n díá fún. Ọmọdé tó pòwe lójú àgbà ní láti sọ pé “tótó, ó ṣe bí òwe”, kí wọ́n tó dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson náà. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ lọ́dún 1897, ó dárúkọ àwọn tí ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn: David Kukomi ní Ìbàdàn, Josiah Oni oníṣòwò, àti Lágúnjú Tìmì Ẹdẹ. Ìwé tó fọwọ́ kọ yẹn sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wétà ní London. Johnson kú lọ́dún 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi nóòtù tó ṣẹ́ kù tún un tò. Nígbà tó jáde lọ́dún 1921, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà níwájú, àbúrò pe ara rẹ̀ ní olóòtú. Ta ni ì bá yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò?

Ẹni tó dábàá “ìjọ́rọ̀gbé”, ìyẹn jíjí ọ̀rọ̀ gbé, ló sún mọ́ gbòǹgbò jù. Martial, akéwì ará Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní, ló fi orúkọ ajínigbé pe ẹni tó ń ké ewì rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín. Inú orúkọ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú plagiarism. Ó dára fún àgbà tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ọmọdé bá gbọ́ ajínigbé lásìkò tí a wà yìí, ẹ̀rù ló máa bà á, kò ní kọ́ nǹkan kan.

Èyí tí mo fara mọ́ ni “ìgbórúkọmì”: ó gbé orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ mì. Dídà kọ kọ́ ni ẹ̀bi, orúkọ tí kò jáde ni. Ọmọ tó yọ “tóbi”, tó fi “ńlá” rọ́pò, tó wá ní ọ̀rọ̀ ti di tòun, òun náà ti gbé e mì.

Ní ti citation, ìyẹn sísọ ibi tí a ti mú ọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ ká fi “ìjúbà” sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ júbà ẹni tí mo fẹ́ ta kò? “Ìtọ́kasí” tí àwọn yunifásítì ń lò ti tó. Àwọn ọmọ tèmi, ìbéèrè méjì ni mo ní kí wọ́n kọ sétí ìwé: Ta ló wí i? Níbo ló ti wí i?

Ẹ jọ̀ọ́, “ìgbórúkọmì” kì í ṣe tèmi o. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ló kígbe pé “Sà, ó ti gbé orúkọ wọn mì!” lọ́jọ́ tí mo ka ti 1987 yẹn sókè. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá mo lè dárúkọ ọmọ fún yín. Ó ní rárá, òun kò fẹ́ orúkọ ọmọ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e mì, pẹ̀lú àṣẹ.