Ta ló rí iná tó kọjá lójú ọ̀run lálẹ́ àná ní Ifẹ̀?

Ọmọ_Ifẹ̀_Oòyè:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló wà níta lánàá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́? Wọ́n ti mú iná lọ ní Parakin látàárọ̀, mo wá jáde lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé, àfi bí gbogbo ilẹ̀ ṣe ṣàdédé mọ́lẹ̀ yòò, mo rí òjìji okùn aṣọ tó ń sáré lọ lára ògiri, ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, nǹkan kan ló ń lọ sápá Iléṣà yẹn, orí ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìrù ẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná, ó ń já wẹ́wẹ́. Kí n tó ka ení èjì dé àrún ó ti wọ ẹ̀yìn igi àgbọn ilé kejì. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i ni mo gbọ́ gbìì, páànù òrùlé gbọ̀n. Màmá tá a jọ ń gbélé ní ẹni ńlá kan ló kú, pé ìràwọ̀ kì í já báyẹn lásán. Láàárọ̀ yìí ni ọmọkùnrin àdúgbò wá gbé òkúta dúdú kan jáde látinú igbó, ó lóun ni, 20,000 naira ló ń gbà. Ṣé kí n rà á?

Físíìsì_Ni_Mo_Kà:
Èmi náà rí i, ọ̀nà Ẹdẹ ni mo wà, díẹ̀ ló kù kí n wa ọ̀kadà wọ gọ́tà. Kì í ṣe ìràwọ̀ o, òkúta òfúrufú ni, ó lè má ju àpótí ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n eré ẹ̀ ni ẹ̀rù: irú wọn máa ń sá kìlómítà 11 sí 72 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ tó ń kì mọ́ iwájú ẹ̀ á gbóná débi tí òkúta fúnra ẹ̀ á máa jó. Àwọ̀ ewé yẹn, àwọn irin inú òkúta náà, bíi magnesium àti nickel, ló sábà máa ń fà á. Kò já sẹ́yìn igi àgbọn kankan jàre. Ohùn ń rìn tó kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ gbọ́ ọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, fi 3 lọ́nà 20, ó ti tó àlọ àtàbọ̀ Ifẹ̀ sí Iléṣà. Tó o bá tún rí irú ẹ̀, má sáré lọ síbi wíńdò. Ní Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, February 2013, ìmọ́lẹ̀ làwọn èèyàn lọ ń wò lójú wíńdò tí ìró fi dé bá wọn níbẹ̀, ó lé ní 1,000 èèyàn tó fara pa, gíláàsì ló ge ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìyá_Ìbejì_Lagere:
Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ rọra o. Ìbúgbàù tó dún ní Àkúrẹ́ ní March 2020 ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n OAU wa níbí ní òkúta òfúrufú ni, gómìnà ní mọ́tò tó kó àdó olóró ni. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbọ́ gbìì, èmi ò bá a dá sí i.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Ọ̀gbẹ́ni, má tíì yọ owó o. Wo ara òkúta yẹn, ṣé ó ní ihò wínníwínní bí inú búrẹ́dì? Tó bá ní, ìdàrọ́ ni, ìdọ̀tí irin látibi tí wọ́n ti ń rọ irin láyé àtijọ́, ó kún inú ilẹ̀ Ifẹ̀, bàbá mi máa ń hú u tó bá ń gbin iṣu. Má jẹ́ kó fi máágínẹ́ẹ̀tì tàn ẹ́, ó lè fa ìdàrọ́ náà. Èyí tó tòfúrufú wá sábà máa ń wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ara ẹ̀ á ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í níhò inú. Ó kúkú ń já nílẹ̀ wa o, ní Zagami ní Katsina lọ́dún 1962, èyí tó tó kìlógíráàmù 18 já sítòsí àgbẹ̀ kan nínú oko àgbàdo ẹ̀, pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni wọ́n ní ó ti wá.

Ọmọ_Ifẹ̀_Oòyè:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé. Ihò ló kún ara ẹ̀, èèrà ti ń gbénú ẹ̀ gan-an. Mo ní ṣé èèrà náà bá a wá láti òkè ni, ọmọ yìí ní kí n mú 2,000 wá.