Ọjọ́ kan péré ní Kánò, pẹ̀lú Màmá tí orúnkún ń dùn: ibo ni ká fẹsẹ̀ dé?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Kubwa ni mò ń gbé. À ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Kánò lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ la máa dé, Mọ́ńdè la máa padà. Mo fẹ́ ká fi odindi ọjọ́ Ẹtì rin ìlú àtijọ́ inú odi. Àwọn ibi tó wà lọ́kàn mi ni òkè Dala, ọjà Kurmi, ààfin Ẹ́míà, Gidan Makama (ilé àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù), odi ìlú, àti kòtò aró tó wà ní Kofar Mata.

Ọ̀rọ̀ Màmá mi ló wá dá mi dúró. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Aláró sì ni wọ́n ní Òṣogbo kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún wọn pé ọkùnrin ló ń rẹ aṣọ ní Kánò, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. "Ọkùnrin wo? Ìyá Mápó á gbà fún un?" Òrìṣà àwọn aláró ni wọ́n ń sọ. Torí náà, ẹ máà ní kí n yọ kòtò aró kúrò. Nínú àwọn tó kù, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

*Ọmọ Ọ̀fà Sábọ́n-Gàrí:*
Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti ń di aago méjìlá ọ̀sán, èrò á kún gbogbo ọ̀nà tó yí mọ́ṣáláṣí ńlá àti ààfin ká, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ á tì. Ẹ fi sí Sọ́ńdè. Ẹ tún jẹ́ kó yé Màmá pé ìta ààfin lẹ máa dúró sí wò ó, ẹnìkan kì í dédé wọlé. Sarki Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, ló kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Gidan Rumfa. Àwọn Ẹ́míà ṣì ń gbé ibẹ̀ di òní.

Ní ti odi, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín. Ayé Gijimasu, tó jọba láti 1095 sí 1134, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wó, àwọn èèyàn sì ti wa erùpẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹnubodè tẹ́ ẹ bá gbà kọjá ti tó yín.

*Ìyá Ìbejì:*
Àtẹ̀gùn ló wà ní òkè Dala o! Ẹ má gbé Màmá débẹ̀. Ìwọ nìkan jí ní ìdájí, gun un kí oòrùn tó mú, wàá rí òrùlé ìlú lọ jàńtìrẹrẹ títí dé òkè kejì, Goron Dutse. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń yọ́ irin ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Kó o wá padà lọ gbé Màmá. Kí wọ́n mú ìborùn dání, kí ìwọ náà sì tọrọ àyè kó o tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò.

*Baba Risi:*
Kí lẹ fẹ́ wò nínú eruku yẹn gan-an? Ẹ jókòó síbi ìnáwó, kẹ́ ẹ jẹ tsire.

*Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:*
Ẹ má dá Baba Risi lóhùn. Tẹ́ ẹ bá dé Kurmi, ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Kánò, mo ń ná àpò awọ kan níbẹ̀. Mo dá iye kan, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní "Albarka." Èmi náà ní "Àmín," mo ka owó lé e lọ́wọ́, mo gbé àpò, ó di ìlọ. Ó sáré tẹ̀ lé mi! Èmi rò pé ó ń ṣàdúrà fún mi ni, àṣé "owó yẹn ò gbà" ló ń sọ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ fún Màmá, kí wọ́n fi owó lé e ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ní Gidan Makama, iwájú ààfin níbẹ̀. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn débi pé inú ilé máa ń tutù. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbójú sókè wo bí wọ́n ṣe fi igi azara tẹ àjà rẹ̀ kọrọdọ. Láti ibẹ̀, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kofar Mata. Ẹsẹ̀ Màmá kì í ṣe ti ológun.

*Ẹni tó béèrè (ọjọ́ Tùsìdeè):*
Ẹ ṣé gan-an ni. Sọ́ńdè la lọ. Èmi nìkan gun Dala, a dé Kurmi, a sinmi ní Gidan Makama, a wọ kẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní láti 1498 ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ ní Kofar Mata. Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ní kòtò róbótó róbótó, kì í ṣe ìkòkò bíi tiwa. Bàbá kan jókòó létí ọ̀kan, ó ń ri aṣọ bọ inú rẹ̀, ó ń fà á jáde, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Lábẹ́ àtíbàbà kan, àwọn ọkùnrin méjì ń fi olùgbóńgbó lu èyí tó ti gbẹ kó lè máa dán. Màmá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kúnlẹ̀ létí kòtò, lórí orúnkún tí wọ́n ní ó ń dùn yẹn, wọ́n gbóòórùn aró náà. Wọ́n wá fi Yorùbá bi bàbá yẹn pé eérú igi wo ló lò. Ó ní "Toka, toka," ó dìde, ó bu eérú wá. Màmá fi ìka méjì rin ín, wọ́n ní "Hẹn-ẹn." Ó ń sọ Hausa, wọ́n ń sọ Yorùbá, ó tó ogún ìṣẹ́jú.

Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbà báyìí. Wọ́n ní àwọn ti rí i, ọkùnrin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló máa kọ́ ọ.