Bí a ṣe ń gbọ́ àwo jùjú àtijọ́ kó tó wọni lára

Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn jùjú tó jáde lẹ́yìn òmìnira 1960, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn olórin. Ìdí ìlù ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo rí, torí àwọn ni kì í yẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ kà wọ́n títí ara á fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àkúbà, ẹ̀yìn àkúbà ni gìtá. Nínú àwo Ebenezer Obey àti King Sunny Ade láwọn ọdún 1970, gìtá kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ń tún gbólóhùn kúkurú kan náà pè láìsinmi, èkejì ń dí àlàfo tí tàkọ́kọ́ fi sílẹ̀, òmíràn ń ṣeré lórí wọn. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 5 gbáko kí ẹ tó lọ sórí òmíràn. Ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ ọ o! Sípíkà kékeré inú rẹ̀ kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, béèsì á kàn pòórá ni.

*

Ó ku gángan. Tí onílù bá fún osán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, mọ́ abẹ́ apá, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Tó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ẹ fetí sí ìgbà tó fi kọ̀ǹgọ́ lù ú tán tó sì tún ń fún osán kí ohùn náà tó kú: ibẹ̀ lohùn ti ń gun òkè bí ohùn èèyàn gan-an. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé ohùn ọ̀rọ̀ (dò, re, mí) nìkan ni ìlù ń sọ. "Bàbá" àti "ìyá", bákan náà ni wọ́n ń dún lórí gángan. Ìdí nìyẹn tí onígángan fi máa ń lo òwe àti oríkì tí gbogbo ayé ti mọ̀, torí gbólóhùn gígùn kì í ṣòro dá mọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ohun tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ni gángan ń dá padà.

*

Ọ̀rọ̀ àwo ńkọ́? I.K. Dairo, olórin jùjú tó gba oyè MBE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, tó sì mú accordion (dùùrù tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì) gbajúmọ̀ nínú jùjú, orin bí ìṣẹ́jú 3 ló pọ̀ jù nínú àwo kékeré tirẹ̀. Ìgbà tí àwo ńlá dé, ojú kan lè lọ bí ìṣẹ́jú 20 láìdúró, orin á máa wọnú orin, bó ṣe ń rí lóde àríyá gan-an. Ta ni yóò dá ìlù dúró nígbà tí olówó ń náwó lọ́wọ́? Àwọn tó ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì wá ń gé e wẹ́wẹ́, ìyẹn sì ń pa á lára púpọ̀. Odindi ojú àwo ni kí ẹ wá.

Àwo Juju Music tí Sunny Ade ṣe fún Island, ilé iṣẹ́ àwo òkè òkun, ní 1982, orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, gìtá onírin (steel guitar) Demola Adepoju sì mọ́ gaara. Ó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, àmọ́ kò lè rọ́pò àwọn àwo tí wọ́n ṣe fún ilé, ní Nàìjíríà.

*

Ẹni tó ní ẹ̀rọ àwo, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo ńlá, kí ẹ ka ìgbà tó yí ká, kí ẹ fi mọ̀ bóyá eré rẹ̀ tọ́. 100 ló yẹ kó pé ní ìṣẹ́jú 3. Tó bá jẹ́ 97, bóyá bẹ́líìtì ti fà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹ èyí tí wọ́n gbà sórí kọ̀ǹpútà wò náà. Bó bá tiẹ̀ ń sáré jù, ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ á ṣì yé yín, torí gbogbo ohùn ló jọ gòkè pọ̀, èèyàn ò sì ní tètè fura. Ohùn Obey ni kí ẹ fi dán an wò: tó bá ti ń dún tín-ín-rín, eré ti pọ̀ jù.