WASU ní London: kí ni ká kọ sára pátákó mẹ́fà?

Olùkọ́ Ìtàn (Kabba)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí fẹ́ ṣe àfihàn nípa WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà ní London láyé ìjọba amúnisìn. Pátákó mẹ́fà la ní, gbọ̀ngàn kan, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi múra.

Ohun mẹ́ta ló ṣì rú wa lójú. Ta ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ gan-an? Àwọn kan ní Ṣólańkẹ́ ni, àwọn mìíràn ní ìyàwó Garvey ni. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ńkọ́, owó ta ni wọ́n fi gbà á? Ṣé ọmọ Okun kankan, àwa Yorùbá agbègbè Kabba níbí, wà níbẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn òbí máa kọ́kọ́ bi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó dájú nìkan ni kí ẹ fún wa, torí ohun tí ọmọ bá kà lára ògiri ló máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Baba Akọ̀wé (Ìsánlú)

Okun, olùkọ́ wa. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n ń dà pọ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń ta kora. Ẹ jẹ́ kí pátákó àkọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ wà ni Nigerian Progress Union, 1924. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Amy Ashwood Garvey, ìyàwó àkọ́kọ́ Marcus Garvey, ọmọ Jamaica tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ṣólańkẹ́. Ó ti kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró (Sierra Leone) kó tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọdún 1924 yẹn gbóná fún un. Wọ́n ń ṣe àfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn kan sì kọ̀wé nípa àwọn èèyàn wa bí ẹni pé ajẹ̀nìyàn ni wọ́n. Ó fi lẹ́tà tako wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ló sọ èdè Yorùbá lórí rédíò ní London, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

WASU fúnra rẹ̀: ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, 1925. Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sàró tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú National Congress of British West Africa, ló rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n yéé dá dúró ní ìlú-ìlú, kí wọ́n para pọ̀ di ẹyọ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ 21 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ òfin. Ṣólańkẹ́ di akọ̀wé àgbà. J. E. Casely Hayford ti Gold Coast (Ghana òde òní) ni bàbá ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́, J. B. Danquah sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ. Ìwé ìròyìn wọn, *Wasu*, jáde ní 1926.

Amy ni ti 1924, Ṣólańkẹ́ àti Bankole-Bright ni ti 1925. Mo mọ̀ pé Ṣólańkẹ́ ló ru ẹrù ẹgbẹ́ náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ó sì yẹ kí àwòrán rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Síbẹ̀, ẹ má yọ dókítà ọmọ Sàró yẹn kúrò.

Ọmọ Ògìdì

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi á dúró lórí ilé, torí inú ilé yẹn gan-an ni ìtàn WASU wà. Olùkọ́, ẹ fún un ní pátákó méjì nínú mẹ́fà.

Ohun tó fà á ni pé aláwọ̀ dúdú tó ń wá yàrá ní London nígbà náà lè kan ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Onílé á ní yàrá ti tán, bẹ́ẹ̀ ìwé tó sọ pé yàrá wà ṣì wà lójú fèrèsé. Òfin ò dè é. Ọdún 1968 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì tó ka irú rẹ̀ léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé tó jáde. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ilé kò lè ran ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́.

Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan lò ní 1928, kò pẹ́ lọ títí. Ní 1929 Ṣólańkẹ́ wọkọ̀ padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì ń ti ìlú bọ́ sí ìlú títí di 1932, lọ́dọ̀ ọba, lọ́dọ̀ lọ́yà, lọ́dọ̀ oníṣòwò, ó ń dá ẹ̀ka sílẹ̀, ó ń gba owó ilé. Ìrìn àjò yẹn náà ló ti bá Ọpẹ́olú Ọbísanya pàdé, tó fi ṣaya. Obìnrin yìí ló wá di ìyá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Ní 1933 ilé ṣí, Nọ́ńbà 62, Camden Road. Kì í ṣe ibùsùn nìkan. Oúnjẹ ilé wà níbẹ̀, ìwé kíkà wà, àríyànjiyàn wà, ijó náà wà.

Ibi tí owó ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Owó ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá kò lè san owó ilé, torí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò kí wọ́n tó padà sílé. Ẹni tó ṣe ìlérí lónìí ti wà nínú ọkọ̀ lọ́la. Ní 1934, ilé mìíràn ṣí ní Nọ́ńbà 47, Doughty Street, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Colonial Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Aggrey House ni wọ́n pè é, wọ́n fi rántí Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast. WASU kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó fún ọ ní ibùsùn á fẹ́ mọ ohun tó ò ń sọ lálẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má wọbẹ̀, ìjà sì bẹ́ láàárín wọn àti League of Coloured Peoples, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn tí Dókítà Harold Moody dá sílẹ̀ ní 1931. Nígbà tó yá, wọ́n bá ìjọba ṣe àdéhùn, owó ìjọba wọ inú ilé WASU náà. Ní 1938 wọ́n kó lọ sí Nọ́ńbà 1, South Villas, Camden Square. Aggrey House kógbá sílé ní 1940.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: kí wọ́n lẹ àwòrán Aggrey House, kí wọ́n kọ "ilé WASU" sábẹ́ rẹ̀. Alátakò ni wọ́n. Ẹ yẹ àdírẹ́sì wò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Yàgbà Gidi (Ẹ̀gbẹ̀)

Àbúrò, mo bá ọ dé 1938, ibẹ̀ ni mo ti yà. O sáré kọjá ọ̀rọ̀ owó ìjọba yẹn. Ẹgbẹ́ tó ní kí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ má fẹsẹ̀ kan Aggrey House nítorí owó Colonial Office, tó wá gba owó Colonial Office kan náà, ó yẹ kí àwọn ọmọ rí i lára pátákó pé ó ná wọn ní nǹkan. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ àti Ṣólańkẹ́ kò gbọ́ra wọn yé mọ́. Ó yà sọ́tọ̀, ó ń bójú tó ilé akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ títí ó fi kú ní 1958. Bí òmìnira ti ń dé, akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń lọ sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà, ti Ghana ń lọ sí ti Ghana. Ohun tí Bankole-Bright ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n padà sí.

Ọmọ Ògìdì

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni gbogbo èyí, àmọ́ ẹ wo ọjọ́. Bí owó yẹn bá ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ti 1941 kò ní ṣẹlẹ̀. Inú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Clement Attlee, igbákejì Churchill olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dúró níwájú WASU, ó ní ìlérí inú Atlantic Charter, ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ní kí olúkúlùkù èèyàn yan ìjọba tó wù ú, kan gbogbo ẹ̀yà èèyàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Churchill sọ nílé aṣòfin pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó wà lábẹ́ Násì ni wọ́n ní lọ́kàn. WASU ò dákẹ́. Ní 1942 wọ́n kọ̀wé sí ìjọba: kí a máa ṣàkóso ilé wa lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira kíkún dé láàárín ọdún márùn-ún tí ogun bá parí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n kó wọ South Villas nìyẹn. Kwame Nkrumah, tó ṣe olórí Ghana lẹ́yìn náà, dé London ní 1945, ó sì di igbákejì ààrẹ wọn.

Yàgbà Gidi (Ẹ̀gbẹ̀)

Mo gbà fún ọ lórí 1942. Kí pátákó kẹrin àti ìkarùn-ún gbé méjèèjì: owó ìjọba lókè, ìwé 1942 nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn jà á.

Olùkọ́ Ìtàn (Kabba)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti bàbá wa. Ó ku ti ọmọ Okun, àti ti àwòrán. Èyí tí a wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣú bàìbàì tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ilé Ìkàwé (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Okun, ọmọ mi. Ti ọmọ Okun lákọ̀ọ́kọ́: ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ bá rí i nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Àwọn ẹbí á mú orúkọ wá, wọ́n á ní bàbá àwọn kàwé ní London. Ẹ gbà á tọwọ́tọwọ́, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: ọdún wo, ilé ẹ̀kọ́ wo, ẹ̀rí wo. Lẹ́tà, káàdì ẹgbẹ́, àwòrán tí wọ́n kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kàwé ní London kò di ọmọ WASU nítorí ìyẹn nìkan. Kí àwọn òbí sì rí bí ọjọ́ ṣe tò: ọdún 1951 ni Titcombe College, ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣí ní Ẹ̀gbẹ̀, WASU ti pé ọdún 26 nígbà náà.

Ibi tí ìwé wà: àwọn ìwé Ṣólańkẹ́ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó. Fáìlì Colonial Office wà ní Kew ní London. Ti Kabba Province tiwa, ẹ má lọ wá a ní Ìbàdàn. Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́, Kaduna ni ilé ìpamọ́ ìwé wa. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, kí ẹ dárúkọ ọdún àti kókó tí ẹ ń wá. Ẹni tó bá kàn dé láti wo gbogbo nǹkan nípa akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọjọ́ kan ṣòfò nídìí ìwé àtòkọ.

Àwòrán bàìbàì: ó kéré jù fún ìwọ̀n tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ni. Àwòrán tó ní píksẹ́lì 600 ní ìbú kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lórí ìwé. Ẹ fi í sílẹ̀ ní kékeré, kí ẹ fi ìwé aláwọ̀ dúdú ṣe etí fún un, ó dára ju kí ẹ fà á títí yóò fi fọ́.

Ọ̀rọ̀ ara pátákó: kò gbọdọ̀ ju 120 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ìwọ̀n 28, àkọlé ga tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹni tó dúró ní mítà kan àtààbọ̀ á kà á láìbẹ̀rẹ̀. Kí àárín pátákó wà ní mítà 1.4 sí ilẹ̀, torí ọmọ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín. Ẹ má lo ẹ̀kọ láti fi lẹ ìwé. Omi inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìwé hun, aáyán náà á sì jẹ ẹ́ lóru. Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kí ẹ fi sí etí nìkan, kí ẹ sì gbé ìwé ńlá lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ògiri gbọ̀ngàn bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹfun kùn, téèpù ò ní mú un. Ẹ fi okùn so pátákó kọ́ sórí ìṣó, ìṣó méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ fáànù má baà yí i.